Ohùn tí a Gbà Lẹ́nu Olórin: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Maria Callas nínú Fíìmù Medea

Ìfáárà

Ní ọdún 1969 ni Maria Callas, ọ̀kan nínú àwọn olórin ọ́pẹ́rà tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ọ̀rúndún ogún, kó ipa Medea nínú fíìmù tí Pier Paolo Pasolini, akéwì àti olùdarí fíìmù ará Ítálì, ṣe láti inú eré-onítàn Euripides, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́. Nígbà náà, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Callas ti kọ odidi ọ́pẹ́rà kẹ́yìn lórí ìtàgé. Ní Paris, ní oṣù karùn-ún ọdún 1965, ó bẹ̀rẹ̀ Norma ti Bellini ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ parí. Ní ọjọ́ 5, oṣù keje, ọdún náà, ó kọ Tosca ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì kó ipa kankan nínú ọ́pẹ́rà mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Ọ̀nà tuntun ni fíìmù jẹ́ fún un. Bí ọ̀nà náà bá là, òṣèré tí ohùn rẹ̀ ń rẹ̀yìn yóò rí ibòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ lè máa gbé. Ọ̀nà náà kò là. Fíìmù Medea jáde ní ìparí ọdún 1969, owó tí ó pa kò tó nǹkan, Callas kò sì ṣe fíìmù mìíràn títí tí ó fi kú ní Paris ní ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1977.

Ìdí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fún ìkùnà yìí ni pé Callas kò kọrin nínú fíìmù náà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fi olórin sínú fíìmù tí kò jẹ́ kí ó kọrin dà bí ẹni tí ó ra ẹṣin tí ó ń fẹsẹ̀ rìn. Èrò yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí ó wà nínú fíìmù náà mu. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí Callas ti dákẹ́ ni ó ti ta yọ jù lọ, àti pé ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ẹ̀dà èdè Ítálì tí fíìmù náà ní, ohùn tí àwọn òǹwòran ń gbọ́ nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá là kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ohùn obìnrin mìíràn ni a fi rọ́pò rẹ̀. Kí olórin fúnra rẹ̀ pa ohùn mọ́ jẹ́ nǹkan kan. Kí a gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn. Inú ìyàtọ̀ yìí ni àríyànjiyàn iṣẹ́ yìí wà.

Ọ́pẹ́rà àti ara òṣèré

Ọ́pẹ́rà ni eré-onítàn tí orin gbé ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú eré-onítàn tí a ń fi ọ̀rọ̀ lásán ṣe, òṣèré lè pinnu bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó fèsì, bí yóò ti yára sọ̀rọ̀ tó, àti ibi tí yóò ti mí. Nínú ọ́pẹ́rà, ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin ti pinnu gbogbo èyí sílẹ̀. Òun ni ó wọn bí ìbànújẹ́ yóò ti gùn tó àti ìgbà tí ìbínú yóò ru sókè. Òṣèré kò ní àṣẹ lórí àkókò. Ohun tí ó ní àṣẹ lé lórí ni bí ara àti ohùn rẹ̀ yóò ti kún inú àkókò tí a fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ijó Yorùbá. Bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà. Ìyáàlù ni ó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀ sí fún oníjó. Síbẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó mọ oníjó tí ó gbọ́ ìlù yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀.

Ìlú New York ni a ti bí Callas ní ọjọ́ 2, oṣù kejìlá, ọdún 1923. Ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì ni àwọn òbí rẹ̀. Athens ni ó ti kọ́ orin lọ́dọ̀ Elvira de Hidalgo. Ní ọdún 1947 ni ó kọ́kọ́ kọrin ní ilẹ̀ Ítálì, ní ìlú Verona, lábẹ́ ìdarí Tullio Serafin tí ó di olùkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ojú Callas kò ríran jìnnà. Lórí ìtàgé, kò lè rí ọwọ́ olùdarí orin dáadáa, nítorí náà ó ní láti mọ gbogbo orin náà tinú tẹ̀yìn kí etí lè máa ṣe iṣẹ́ ojú fún un. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé Serafin ni ó kọ́ òun pé ẹni tí ó bá ń wá ohun tí ọwọ́ yóò ṣe lórí ìtàgé, orin ni kí ó tẹ́tí sí. Fún olórin mìíràn, èyí lè jẹ́ ìmọ̀ràn lásán. Fún Callas, òfin iṣẹ́ ni. Etí ni ó ń darí ara rẹ̀.

Ẹ̀rí èyí wà nínú àwòrán tẹlifíṣàn tí a yà ní Covent Garden ní oṣù kejì ọdún 1964, níbi tí Callas àti Tito Gobbi ti ṣe ìpín kejì ọ́pẹ́rà Tosca ti Puccini. Nínú ìtàn náà, Scarpia, olórí ọlọ́pàá, ti sọ fún Tosca pé àfi bí ó bá gbà láti bá òun sùn ni òun yóò fi dá ẹ̀mí olólùfẹ́ rẹ̀ sí. Tosca gbà. Bí Scarpia ti ń kọ ìwé àṣẹ tí wọn yóò fi jáde ní ìlú, Tosca lọ sídìí tábìlì láti mu ọtí, ibẹ̀ ni ó sì ti rí ọ̀bẹ. Kò sí ẹni tí ó ń kọrin ní àkókò yìí; ohun èlò orin nìkan ni ó ń dún. Síbẹ̀, ojú àwọn òǹwòran kò kúrò lára Callas. Ọwọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ń rìn pẹ̀lú orin náà bí ẹni pé ara rẹ̀ ni orin ti ń jáde. Ẹni tí ó bá wo ìran yìí kò lè sọ mọ́ pé Callas kò lè ṣeré bí kò bá lanu. Ó lè dákẹ́, kí ìdákẹ́ náà sì kún. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tí ó ní àkókò nísàlẹ̀ ni, ìdákẹ́ tí orin ń gbé. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí ó kàn.

Àwọn tí ó ti gba ọ̀nà náà

Callas kọ́ ni olórin ọ́pẹ́rà àkọ́kọ́ tí ó wá òkìkí nínú fíìmù. Bí àìkọrin bá jẹ́ ìdí ìkùnà, ó yẹ kí ìtàn àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀lé e fi èyí hàn. Ìtàn wọn kò fi í hàn.

Ní ọdún 1915, Geraldine Farrar, ọ̀kan nínú àwọn olórin obìnrin tí a fẹ́ràn jù ní Metropolitan Opera ní New York, kó ipa Carmen nínú fíìmù tí Cecil B. DeMille darí. Fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn rárá. Kò sí ẹni tí ó lè gbọ́ orin Farrar nínú rẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù náà ṣe àṣeyọrí ńlá, ní ọdún 1916 ó sì tún kó ipa Joan ti Arc nínú Joan the Woman, lábẹ́ olùdarí kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán Farrar, àwọn kan ń lo ohun èlò orin fún un kí ara rẹ̀ lè wọ inú ìran náà. Èyí ni pé wọ́n mú ohùn rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlù rẹ̀ sílẹ̀.

Enrico Caruso wọ inú fíìmù My Cousin ní ọdún 1918. Ẹni méjì ni ó ṣe nínú rẹ̀: gbajúmọ̀ olórin kan, àti ìbátan olórin náà tí ó jẹ́ tálákà agbẹ́lére. Òkìkí Caruso ju ti Farrar lọ, fíìmù tirẹ̀ náà kò sì ní ohùn bíi ti Farrar, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kò gba tirẹ̀. Ní ìdà kejì, Luciano Pavarotti kọrin tó bí ó ti fẹ́ nínú Yes, Giorgio, tí Franklin J. Schaffner darí ní ọdún 1982. Olórin ọ́pẹ́rà kan tí ohùn rẹ̀ dá, tí ó sì yófẹ̀ẹ́ dókítà obìnrin tí ó tọ́jú ọ̀fun rẹ̀, ni ó ṣe. Fíìmù náà fún un ní orin lọ́pọ̀lọpọ̀, kò fún un ní ẹ̀dá-ìtàn kankan láti wọ̀. Olórin olókìkí ni ó ṣe olórin olókìkí. Fíìmù náà kùnà pátápátá, Pavarotti kò sì kó ipa aṣíwájú nínú fíìmù onítàn mìíràn.

Nítorí náà, ẹnìkan kò kọrin, ó yege. Ẹnìkan kò kọrin, ó kùnà. Ẹnìkan kọrin, ó kùnà. Orin kíkọ nìkan kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: nígbà tí olórin kúrò lórí ìtàgé, kí ni ó mú dání dé iwájú kámẹ́rà, kí ni a sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Pasolini àti ojú ènìyàn

Àṣà Pasolini ni láti wá ojú ènìyàn ju kí ó wá òṣèré lọ. Nínú fíìmù tí ó ṣe lórí ìhìnrere Matteu ní ọdún 1964, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kó ipa kì í ṣe òṣèré. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ojú ènìyàn ti gbé ìtàn rẹ̀ dání kí ó tó sọ ohunkóhun. Yorùbá pàápàá sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa òwe yìí ń pe ẹnìkejì wá ni, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Òwe náà kò sọ pé kí ojú gba iṣẹ́ ẹnu ṣe.

Ẹni tí Pasolini mú láti ṣe Jason, ọkọ Medea, ni Giuseppe Gentile, eléré ìdárayá tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ nínú ìdíje fífò onígbẹ̀ẹ́mẹ́ta ní eré Òlíḿpíìkì Mẹ́síkò ní ọdún 1968. Ara àti ojú Gentile ni ó wù ú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú kan náà tí ó fi wo Gentile ni ó fi wo Callas. Gentile kò ní iṣẹ́ òṣèré tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Callas ní. Ó ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bí ohùn àti ara ṣe lè di ohun kan ṣoṣo. Láti mú un fún ojú rẹ̀ nìkan ni láti pín ohun tí ó ti so pọ̀ sí méjì.

Ó tún yẹ kí ó di mímọ̀ pé ní ilẹ̀ Ítálì nígbà náà, wọ́n sábà máa ń ya àwòrán fíìmù tán kí wọ́n tó fi ohùn sí i. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà lè máà jẹ́ ẹni tí a óò gbọ́. Àṣà yìí kò ṣe ọ̀pọ̀ òṣèré ní ohunkóhun. Fún ẹni tí etí ń darí ara rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ohun tí ó gbé e ró kò sí níbẹ̀ mọ́: kò sí ohun èlò orin, ohùn rẹ̀ pàápàá kò sì ní dé òpin ìrìn-àjò náà.

Colchis: ìdákẹ́ tí ètùtù ń gbé

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Jason ní kékeré, lọ́dọ̀ Chiron, ẹ̀dá ìlàjì ènìyàn ìlàjì ẹṣin tí ó tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu Chiron. Lẹ́yìn èyí ni fíìmù náà gbé àwọn òǹwòran lọ sí Colchis, ìlú Medea, tí a ya àwòrán rẹ̀ láàárín àwọn àpáta Göreme ní ilẹ̀ Túrkì, níbi tí àwọn ènìyàn ti gbẹ́ ilé sínú òkúta láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Àwọn ará ìlú mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n pa á, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa ewé àti irúgbìn lára kí oko lè so. Medea ni abọrẹ̀ tí ó ń ṣe olórí ètùtù náà.

Ní apá yìí, Callas kò ṣe ohun tí ó pọ̀. Ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń wò. Aṣọ tí Piero Tosi ṣe fún un wúwo, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ kún ọrùn rẹ̀, gbogbo ìrìn rẹ̀ sì lọ́ra. Síbẹ̀, ìwà àṣẹ hàn lára rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn òǹwòran pé olórí ni. Bí ìbéèrè bá wá wáyé pé kí ni ó rọ́pò orin tí ó máa ń gbé e ró, ìdáhùn rẹ̀ ni ètùtù. Ètùtù ní àkókò tirẹ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun kejì. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ yá, ọwọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹni tí ó ti rí ìwọ́de àwọn abọrẹ̀ ní ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ mọ̀ pé ìrìn wọn kì í ṣe ìrìn ọjà. Láìmọ̀ọ́mọ̀, Pasolini ti fún Callas ní ohun tí ó jọ orin, Callas sì mọ̀ ọ́n lò. Ìdákẹ́ rẹ̀ ní Colchis jọ ìdákẹ́ Tosca nídìí tábìlì: ìdákẹ́ tí ohun kan ń gbé láti ìsàlẹ̀ ni.

Èyí ni ibi tí èrò pé àìkọrin ni ó ba fíìmù náà jẹ́ ti wó lulẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, apá yìí ni ì bá burú jù, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ ti kéré jù. Òun gan-an ni ó dára jù.

Kọ́ríńtì: ohùn àyálò

Medea ran Jason lọ́wọ́ láti jí awọ àgbò oníwúrà tí àwọn ènìyàn Colchis ń bọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń lé wọn bọ̀, ó pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó sì ń ju ẹ̀yà ara rẹ̀ sọ́nà kí bàbá náà lè máa dúró ṣà wọ́n. Wọ́n gúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ó bá Jason rìn pa àgọ́ láìṣúre, láìwá àárín ilẹ̀ tí ẹ̀mí wà. Ẹ̀rù ba Medea. Ó ń sáré káàkiri lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń bẹ ilẹ̀ àti oòrùn pé kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, nítorí òun kò gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Ìran yìí ni ọkàn fíìmù náà. Obìnrin kan pàdánù ohùn tí ó ti ń darí rẹ̀ láti kékeré, ó sì ń kígbe kiri láti wá a. Bóyá ni ẹnikẹ́ni wà láyé ní ọdún 1969 tí ó mọ ìtumọ̀ irú àdánù bẹ́ẹ̀ ju Callas lọ. Ara rẹ̀ sọ ọ́: ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń yíjú padà bí ẹni tí ó gbọ́ nǹkan tí kò sì sí nǹkan. Ṣùgbọ́n igbe tí ó jáde jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ́n. Níhìn-ín, oníkàn dúró lójú agbo, ẹlòmíràn ni ó sì ń polówó fún un.

Bákan náà ni ó rí ní Kọ́ríńtì, tí a ya ìta rẹ̀ ní Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, tí a sì ya inú rẹ̀ ní Pisa ní Ítálì. Jason fẹ́ fẹ́ Glauce, ọmọ Creon ọba. Creon pàṣẹ pé kí Medea kúrò ní ìlú. Medea fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyàwó tuntun náà, Glauce sì kú, bàbá rẹ̀ sì bá a kú. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé ìtàn lọ. Medea ń bá Creon jiyàn, ó ń tan Jason jẹ, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń halẹ̀. Ètùtù kò sí mọ́ láti gbé ara Callas. Ohun tí ì bá gbé e ni ohùn ara rẹ̀, ohùn náà kò sì sí. Ohùn tí a fi rọ́pò rẹ̀ dán, ó mọ́, ó sì jẹ́ ti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò bá ojú náà wá. Ojú ń sọ ohun ńlá, ohùn ń sọ ohun tí ó mọ níwọ̀n. Ohùn Callas, àti nígbà tí ó ń kọrin àti nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn tí ó mọ́ tónítóní. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá gbà pé kò sí ẹlòmíràn tí ohùn rẹ̀ dún bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù wà ní ìparí. Medea wẹ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó pa wọ́n. Ìwẹ̀ tí ìyá ń wẹ ọmọ lálẹ́ ni: omi, aṣọ funfun, orí ọmọ ní èjìká ìyá. Fíìmù náà kò fi pípa hàn. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, Callas sì tún padà sí agbára tí ó ní ní Colchis, nítorí pé ọmọ wíwẹ̀ pẹ̀lú ní ètò àti àkókò tirẹ̀; ọwọ́ ìyá mọ ohun tí ó kàn. Lẹ́yìn náà ni ilé jóná, Jason ń bẹ̀bẹ̀ nísàlẹ̀ pé kí ó gbé òkú àwọn ọmọ fún òun, Medea sì ń dá a lóhùn láti inú iná pé kò sí ohun tí ó ṣeé ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìyí, òun ni ó sì yẹ kí ó wọni lára jù. Ojú Callas nínú iná kò ṣeé gbàgbé. Ohùn tí ó tẹ̀lé e ṣeé gbàgbé.

Ẹnìkan lè sọ pé àrékérekè ọgbọ́n Pasolini ni èyí: pé Medea ti pàdánù ohùn ilẹ̀ rẹ̀, ó sì tọ́ kí ó máa fi ohùn àjèjì sọ̀rọ̀ ní ìlú àjèjì. Ì bá dára bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan nínú fíìmù náà tí ó ní kí àwọn òǹwòran gbọ́ ohùn náà bí àjèjì, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí Medea sì sọ ní Colchis, nínú ilé ara rẹ̀, ohùn kan náà ni ó fi sọ ọ́. Àṣà àwọn onífíìmù Ítálì ni ó ṣe é. Àṣà lè ṣàlàyé àdánù, kò lè sọ ọ́ di èrè.

Ìtumọ̀ tí ó gba ẹ̀bùrú

Àwọn kan ti túmọ̀ fíìmù náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìgbésí ayé Callas. Aristotle Onassis, tí ó ti ń bá Callas gbé ìgbé ayé olólùfẹ́, gbé Jacqueline Kennedy níyàwó ní oṣù kẹwàá ọdún 1968. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà ni Callas bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ìyàwó tuntun. Ìjọra náà hàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí alámèyítọ́ gbára lé e. Medea kò wọ inú iṣẹ́ Callas nípasẹ̀ Onassis. Ní Florence, ní ọdún 1953, kí ó tó mọ Onassis rárá, ni ó kọ́kọ́ kọ Medea ti Cherubini, tí wọn kò kọ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Òun ni ó sọ ọ́ jí. Ó kọ ọ́ ní Milan, Dallas, Lọ́ńdọ̀nù àti Epidaurus; òun náà ni ó sì kọ kẹ́yìn ní La Scala ní ọdún 1962. Nígbà tí ó dé iwájú kámẹ́rà Pasolini, ó ti mọ obìnrin náà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí ó bá sọ pé ìbànújẹ́ ilé ni ó ń fi ṣeré ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì: wọ́n gba ohùn rẹ̀, wọ́n tún fẹ́ gba ọgbọ́n rẹ̀.

Àfiwé kan láti ìtàgé Yorùbá

Àfiwé kan wà nílé tí ó lè mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré ní ọdún 1944, ọ́pẹ́rà ni òun náà pe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé nípa àwọn ẹgbẹ́ eléré alárìnká sì lo orúkọ náà fún eré wọn. Irú ọ́pẹ́rà náà yàtọ̀ sí ti Ítálì, ṣùgbọ́n orin àti ohùn ni ó gbé e ró bákan náà. Ní ọdún 1979, Ògúndé gbé Aiyé, tí ó ti ṣe lórí ìtàgé, wọ inú fíìmù, pẹ̀lú Ọlá Balógun gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Kámẹ́rà jẹ́ ohun tuntun sí i gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ sí Callas. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúndé ṣe, bá dojú kọ àwọn àjẹ́, ọfọ̀ tí ó ń pè ń ti ẹnu Ògúndé jáde. Nínú ewì alohùn Yorùbá, ohùn ni a fi ń mọ ìjálá yàtọ̀ sí rárà, òun ni a sì fi ń mọ ẹkún ìyàwó. Bí a bá yí ohùn padà, a ti yí ewì náà padà. Àwọn òǹwòran Aiyé kò ní láti máa wá ẹni tí wọ́n mọ̀. Bí ó bá ti lanu, wọ́n ti rí i.

Àfiwé yìí kò sọ pé fíìmù Ògúndé dára ju ti Pasolini lọ. Ohun tí ó fi hàn ni pé Ògúndé gbé orin, ìlù, ẹgbẹ́ àti ohùn rẹ̀ lọ sínú fíìmù, Callas sì dá wọ ibẹ̀ lọ.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdájọ́ tí ó wọ́pọ̀ lórí Callas nínú Medea kò tọ̀nà. Kò kùnà nítorí pé kò kọrin. Níbi tí ètùtù tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ti fún ara rẹ̀ ní àkókò tí orin máa ń fún un, ó ṣe ohun tí òṣèré díẹ̀ ni ó lè ṣe. Níbi tí ìtàn ti béèrè ọ̀rọ̀, tí a sì fi ohùn ẹlòmíràn sí i lẹ́nu, ìlàjì òṣèré ni ó kù lójú àwọn òǹwòran.

Lẹ́yìn Medea, Callas kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin ní ilé-ẹ̀kọ́ Juilliard ní New York ní ọdún 1971 àti 1972. Ní ọdún 1973 àti 1974, ó tún bá Giuseppe di Stefano rin ìrìn-àjò orin káàkiri ayé. Ohùn rẹ̀ ti gbó nígbà náà, àwọn alámèyítọ́ kò sì fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kún gbọ̀ngàn lálaalẹ́ láti gbọ́ ọ. Ohùn tí ó ti gbó, tí ó sì jẹ́ tirẹ̀, ni wọ́n wá gbọ́. Fíìmù kan ì bá ti pa ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ní ọdún 1969, nígbà tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́nu obìnrin tí ó yé e ju ẹnikẹ́ni lọ. A ní ojú náà. Ohùn náà ni kò sí.